Kòkòrò Tí Mo Gbìn Mọ́ Ilá

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ṣakí, lẹ́bàá kànga-dẹ̀rọ, tí mo máa ń gbin ilá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi ni. Omi kànga náà níyọ̀. Ẹni tó bá fi í se ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kó tó bu iyọ̀ sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bu omi yìí sí ilá kí n tó rí i pé orí ilẹ̀ ń funfun bí ìgbà tí èèyàn da ìyẹ̀fun sí i, tí etí ewé sì ń jó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, wò ó títí, ó ní tí ilá ọdún yìí bá tún jó, òun yóò gbin kajú síbẹ̀. Kajú tirẹ̀ ti wà ní òdìkejì ààlà. Bí ó bá gbìn ín, mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó ń fa kajú tu.

Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ló wá bá wa. Ó gbé ìyẹ̀fun dúdú kan wá nínú ọ̀rá. Ó ní àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, pé wọn yóò máa gbé ara gbòǹgbò ilá, wọn yóò sì ràn án lọ́wọ́ láti farada iyọ̀. Wọn kò ní kó iyọ̀ náà kúrò nínú ilẹ̀. Kí a fi omi ṣúgà díẹ̀ wọ́n irúgbìn, kí a fi ìyẹ̀fun náà ra á, kí a sì gbìn ín nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má baà pa wọ́n. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí ọkọ mi béèrè pé kí ni à ń pè wọ́n ní Yorùbá.

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. "Kòkòrò ni, sà. Ṣùgbọ́n kòkòrò rere."

"Rere" yẹn kò wọ etí ọkọ mi rárá. Àgbàdo àti ẹ̀wà ló ti ń gbìn láti kékeré, kòkòrò ló sì ti ń pa láti kékeré.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kòkòrò tó wà nílẹ̀ kò tó wa ni?"

Mo ní kì í ṣe irú wọn. Ó ní ó ti yé òun. Kò yé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìyẹ̀fun náà ra irúgbìn, mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ lábẹ́ igi máńgòrò kó gbẹ, mo bá lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, gbogbo irúgbìn náà ti pupa. Oògùn pupa tí a fi ń ra irúgbìn àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ló wà lára wọn.

"Ta ló fọwọ́ kan ilá mi?"

"Èmi ni. Mo bá ọ tọ́jú rẹ̀."

"Ẹ tọ́jú kí ni, Bàbá Ìbejì?"

"Irúgbìn tí kòkòrò wà lára rẹ̀, ṣé a kàn máa gbìn ín bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo jókòó. Oògùn yẹn ti pa àwọn tó wà nínú ìyẹ̀fun. Bó bá ṣe pé ó fi ìkà ṣe é ni, ì bá rọrùn fún mi. Inú rẹ̀ ń dùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa. Mo ní kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó jẹun.

Ìyẹ̀fun díẹ̀ ṣẹ́kù, mo tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Mo gbin irúgbìn pupa sí apá ilé, mo fi ìyókù ìyẹ̀fun ra irúgbìn mìíràn, mo sì gbin ìyẹn sí apá ààlà. Ọkọ mi dúró lókèèrè.

"N kò fọwọ́ kan nǹkan kan o."

"Ẹ ṣeun."

Àwọn tó pupa ló kọ́kọ́ hù. Ọkọ mi ń wò mí ṣáá. Nígbà tó yá, etí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n sì rọ mọ́lẹ̀. Ti apá ààlà kò rí bí ilá ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ó dúró, ó tanná, ó so.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá wò ó. "Ìyàwó wa, kí lo fi sí èyí?"

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dáhùn. "Kòkòrò ni, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Kòkòrò?"

"Èyí tí ojú kò rí," ni ọkọ mi wí, bí ẹni pé òun ló gbé e wá.

"Tí ojú kò bá rí wọn, báwo la ṣe máa mọ̀ tí wọ́n bá kọjá sórí kajú mi?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní wọn kì í jẹ ewé, wọn kì í jẹ èso, ara gbòǹgbò ni wọ́n ń gbé. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára kajú. Ó ní ilá náà dára, kí n máa lo ilẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n òun yóò gbẹ́ kòtò sí ààlà, kí wọ́n má baà rí ọ̀nà kọjá.

Mo ní kòtò yẹn yóò gba ebè méjì, àwọn tó so jù.

"Ìyàwó wa, ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ ni, àbí ebè?"

"Ilẹ̀ ni, sà."

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ́, ọkọ mi bá a fa okùn sí ààlà kí kòtò lè tọ́. Mo gbé agbọ̀n, mo ń ká ilá orí ebè méjèèjì, àtèyí tó gbó àtèyí tí kò tíì tó ìka, kí ọkọ́ tó kàn wọ́n.