Kérésì Tí Inú Mi Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ni mo bì sórí léèsì oníbàárà mi, Alhaja Mulikátù. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgùdà, Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, nígbà tí òòyì kọ́ mi, tí nǹkan gbígbóná kan ru sókè láti inú mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dúdú, ó ṣù bí kọfí tó sùn sí ìsàlẹ̀ ife. Lẹ́yìn náà ni pupa tẹ̀ lé e. Kí n tó ronú kan ara mi, léèsì ni mo gbá mú, mo ń fi etí búláòsì mi nù ún. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde, tí ẹsẹ̀ mi kọ̀, ni ẹ̀rù tó bà mí.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń rí irú àmì tí mo rí, tó sì ń pè é ní orúkọ mìíràn. Àmì náà ti wà kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ẹnu. Nínú ìjọ wa, a máa ń gba ààwẹ̀ ní oṣù Kejìlá láti fi pèsè ọkàn sílẹ̀ de ìbí Olúwa. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni, kò sí omi títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù yẹn kan náà ni gbogbo ayé máa ń rántí pé àwọn lọ́mọ tó yẹ kó wọ aṣọ tuntun. Ẹ̀yìn ń ro mí láti òwúrọ̀. Mo bi ara mi bóyá oògùn lè ba ààwẹ̀ jẹ́, mo sì dá ara mi lóhùn pé oògùn kì í ṣe oúnjẹ, omi ni ká má fi kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé oògùn ara ríro mì ní gbígbẹ, sínú ikùn òfìfo, lójoojúmọ́, kí n lè máa ránṣọ lọ.

Nígbà tí ìgbẹ́ mi di dúdú, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó sì ń rùn lọ́nà tí mi ò gbóòórùn rí, mo sọ fún Sístà Dúpẹ́, olórí akọrin wa. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ìdọ̀tí tó ti pẹ́ nínú yín ni Olúwa ń kó jáde, Ìyá Tóbi. Àwa kan ń wá irú ẹ̀!"

Mo dúpẹ́. Kódà, mo jẹ́rìí rẹ̀ níwájú àwọn akọrin, wọ́n sì ṣe halelúyà.

Kó yé ẹni tó ń kà á: ẹ̀jẹ̀ tó bá ń jò nínú àpò oúnjẹ kì í sábà jáde ní pupa láti ìsàlẹ̀. Omi kíkan inú ikùn á sọ ọ́ di dúdú kó tó dé ìta. Oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè mú ìgbẹ́ dúdú, nítorí náà mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní kó lọ jẹ́ kí dókítà sọ èyí tó jẹ́. Kó má lọ jẹ́rìí.

Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ibi tí wọ́n ti ń dúró kún fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì kan wò mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí lórí bẹ́ǹṣì, ó wo ọkọ mi.

"Kérésì ti dé nìyẹn. Ẹ ti lọ jẹ àjẹjù níbì kan."

Mo fẹ́ sọ pé ààwẹ̀ ni mo ń gbà, àmọ́ èébì gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bàtà rẹ̀ ló dà sí. Ìgbà yẹn ni bẹ́ẹ̀dì tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá wà.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fà sí mi lára, nítorí tèmi ti fẹ́ gbẹ. Ẹni tí wọ́n bá fún lẹ́jẹ̀, ará ilé rẹ̀ ni yóò wá fi tirẹ̀ dípò. Wọn ò gba ti Bàbá Tóbi, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Ó pe Sístà Dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, àwọn tó ń kọrin wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Há, Bàbá Tóbi, ìdánrawò orin la wà báyìí. Tá a bá ti kọ kárọ̀ọ̀lì tán, gbogbo wa á dà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ àwa sopránò ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fi bọ́tìnnì sí i?"

Alhaja Mulikátù ló dé. Múṣín ló ti ń bọ̀, ibẹ̀ ló ti ń ta irin ìkọ́lé. Níkàhì ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fi léèsì náà ṣe. Ó dúró lórí mi pẹ̀lú báàgì rẹ̀ ní apá.

"Wọ́n ní o ti sọ léèsì mi di aṣọ alápatà."

"Ẹ foríjì mí, Alhaja."

"Kí n foríjì kí ni? Tó o bá kú, ta ló máa rán òmíràn fún mi? Àbí wọ́n ń ránṣọ lọ́run?" Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ náà wá dúró bí òpó iná. Níbo ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀?"

"Alhaja, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Kí ló ṣe mí? Ẹ̀jẹ̀ mùsùlùmí kì í pààyàn." Ó tún wò mí. "Àwa tá à ń gba ààwẹ̀ oṣù kan gbáko, Ọlọ́run ní kí aláìsàn jẹun. Ta ló ní kí ìwọ kú sínú tìẹ?"

Ó ń bú mi títí ó fi wọ ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo inú mi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ní iná àti kámẹ́rà lórí, wọ́n á tì í gba ọ̀fun lọ sínú àpò oúnjẹ. Mi ò ní parọ́, ó dà bí ìgbà téèyàn ń gbé ejò mì tí wọn ò sì jẹ́ kó pa ẹnu dé. Wọ́n rí ọgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ti jẹ dé ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní ọ́lísà. Wọ́n dí ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì bu ẹran díẹ̀ lára ọgbẹ́ náà. Mo bi dókítà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

"A fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbẹ́ lásán ni, tàbí jẹjẹrẹ." Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Kérésì, mi ò gbọdọ̀ jẹ, mi ò gbọdọ̀ mu. Àwọn ará ìjọ kan wọlé pẹ̀lú fìlà pupa, wọ́n kọ orin kan dé ìdajì, wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ lé mi láyà. "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Mọ́mì." Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sáré jáde, torí wọ́ọ̀dù mìíràn ṣì kù. Òórùn ọbẹ̀ náà wọ̀ mí lọ́pọlọ. Ìyá àgbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, tí wọn ò jẹ́ kí òun náà jẹun, yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ṣé ká fi imú jẹ ẹ́ ni?"

A rẹ́rìn-ín, ikùn sì ń dun àwa méjèèjì.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni mo ronú. Láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti ń ránṣọ Kérésì, mi ò sì tíì jókòó lọ́jọ́ kan ro bí wọ́n ṣe bí Olúwa. Ta ló ránṣọ dè é? Ọ̀já ni wọ́n fi wé e. Ibùjẹ ẹran náà ní ẹ̀jẹ̀, ó ní ìrora, obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó jìnnà sí ilé rẹ̀. Ayọ̀ kan rọra wọ inú mi. Kò lé ẹ̀rù lọ. Ó kàn jókòó tì í.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kú. Wọ́n ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹlòmíràn síbẹ̀ kí ibẹ̀ tó tutù.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bá mi délé. Èsì ẹran tí wọ́n bù kò sọ pàtó bóyá jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú àpò oúnjẹ mi, òun àti oògùn ara ríro ló jọ fa ọgbẹ́ náà, pé kí n lo oògùn tí yóò pa á, kí n sì padà wá kí wọ́n tún bu òmíràn. Sístà Dúpẹ́ wá kí mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ mà ti rù o, Ìyá Tóbi. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rù náà nìyí. Jẹjẹrẹ ikùn ni." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "Ẹ má ronú, ṣé ẹ gbọ́?"

Mi ò sùn dáadáa títí mo fi tún gbé ejò náà mì.

Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ti dé nígbà tí èsì kejì jáde. Dókítà kà á, ó sì gbé ojú sókè. Ó ní ọgbẹ́ ti jiná, kòkòrò ti lọ, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Bàbá Tóbi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

A sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo sì jókòó lórí àpótí ẹni tó tà á fún wa, mo ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ láìdùn mí. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi. Ó ti ké sí mi títí, èmi sì ń pe igbe rẹ̀ ní ìbùkún. Síbẹ̀ kò jáwọ́ lára mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá a, mo dúpẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń sáré nínú rẹ̀.

"Bàbá Tóbi," mo ní, "ẹ kú ọdún Kérésì."

Ó wo oòrùn tó ń jó lórí wa, ó wò mí bí ẹni pé ibà ló tún kù.

"Lẹ́ńtì la wà o."

"Mo mọ̀. Ẹ kú ọdún."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú.

"Kú ìyèdún," ó ní. "Kú ìyèdún, Ìyá Tóbi."