Èékánná Inú Gàrí

Ní Abà Ṣítù, abúlé àgbẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Akanran, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Leah. Bí ẹ bá ń wá gàrí tó funfun, tó kúná, tí kì í ní iyanrìn, tó ń dún wàràwàrà lẹ́nu bí a bá fi omi tútù mu ún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò júwe fún yín. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti jókòó ti agbada. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n, iná ti yan apá rẹ̀ mọ́ gàrí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rín rẹ̀, ẹ sáà ti yin gàrí rẹ̀. Nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó ń lọ, wọn a máa kà á pé orúkọ rere sàn ju ọrọ̀ púpọ̀ lọ. Àwọn tó kù ń kà á lásán ni. Leah gbà á gbọ́ dénú mùdùnmúdùn eegun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun àti Jacob, ọkọ rẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Obìnrin ni, Ọlámipọ̀sí lorúkọ rẹ̀, Pọ̀sí la ń pè é. Nígbà tí Pọ̀sí ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ rán an lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, pé kí ó máa ti ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà gba ẹ̀gẹ́, ó sì gba ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mọ́ ọn. A dúpẹ́ pé ìka kò gé. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, ìka ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò hu èékánná mọ́ láti ọjọ́ náà. Orí wọn rí kúlúbọ́, ó ń dán.

Àwọn ọmọ iléèwé kì í ṣe ọmọ tó ń ṣàánú. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní Olórí-Ejò. Pọ̀sí wá di ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ. Olùkọ́ á bi ìbéèrè, yóò mọ̀ ọ́n, kò ní nawọ́. Bí ó bá fẹ́ fún àgbàlagbà ní nǹkan, ọwọ́ òsì ni yóò kọ́kọ́ jáde, wọn a sì bú u pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Leah ń rí gbogbo rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tó rí i tí inú rẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí kò gbàgbé ẹni tó rán ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí Pọ̀sí wá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó rí èékánná àlẹ̀mọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun náà lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Jacob ní, “Ìyá Pọ̀sí, ọmọ tó bá lẹ èékánná lónìí, ìpéǹpéjú ni yóò lẹ̀ lọ́la. Kí ló ń wá lọ́wọ́ ọmọ iléèwé?”

Leah dáhùn pé, “Bàbá Pọ̀sí, èékánná lẹ̀yin ń rí. Ìka lèmi ń rí.”

Àwọn ìyá ìjọ náà gbọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tí a ń gbé sókè sí Ọlọ́run, a kì í fi ike lẹ̀ ẹ́. Àwa ará abúlé kò sì ní ká dákẹ́. Ẹni tí kò bímọ rí ń kọ́ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ti sá lọ sí ìlú, tí kò wẹ̀yìn wò, òun náà ń dámọ̀ràn. Gbogbo wa la lẹ́nu, kò sí èyí tó lọ́mọ tí ẹ̀rọ rin lọ́wọ́ nínú wa.

Leah ronú títí, ó wá rí ọ̀nà àárín. Ó ní Pọ̀sí lè lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ pupa, kò gbọdọ̀ gùn, kò gbọdọ̀ ní nǹkan tó ń tàn. Àwọ̀ èékánná èèyàn gan-an ni kí ó jẹ́, kí wọ́n gé e mọ́ orí ìka, tí ẹni tí kò mọ̀ kò fi ní mọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iṣẹ́ gàrí bá sì dé, kí ó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná yọ gbogbo rẹ̀. Jacob kùn, ó gbà. Àwa náà ní ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí ọgbọ́n yìí gan-an ló padà dá wàhálà sílẹ̀.

Ìgbà díẹ̀ ni inú ọmọ náà fi dùn, ṣùgbọ́n ó dùn. Ó nawọ́ ní kíláàsì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún àlejò bàbá rẹ̀, ó sì dúró síwájú àlejò náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n lè rí ọwọ́ òun dáadáa. Leah wà nídìí agbada tó ń wò ó. Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìsọmọlórúkọ wà nílé ọ̀rẹ́ Pọ̀sí, ó sì wọ èékánná rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa dé, Hàjàrá ti dé ṣáájú rẹ̀. Hàjàrá ni oníbàárà Leah tó ń ra gàrí lọ tà ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà, awakọ̀ ń fọn fèrè, gàrí ṣì wà lórí ẹní, wọn kò tíì dì í tán sápò.

Leah pariwo, “Pọ̀sí! Níbo lo ti wà látàárọ̀? Wá bá mi di gàrí yìí!”

“Màámi, ẹ jẹ́ n gbé omi kaná díẹ̀, kí n yọ eléyìí lọ́wọ́.”

“Omi wo lo fẹ́ gbé kaná? Ṣé kí Hàjàrá máa lọ ni? Dì í bẹ́ẹ̀, kó o ṣáà rọra ṣe é.”

Pọ̀sí bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Bí ó ṣe ń bu gàrí ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àpò, kí àpò lè kún dáadáa, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Èékánná àlẹ̀mọ́ a máa di èékánná mú. Kì í di ẹran ara mú títí. Ìgbà tí ọkọ̀ ti lọ tán ni ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé ti ìka ìfábẹ̀lá kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ilẹ̀, wọ́n gbọn ẹní, wọn kò rí i. Leah ní, “Á ti bọ́ sójú ọ̀nà níbi tó o ti ń bọ̀. Má sọ fún bàbá rẹ.” Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó wà nínú àpò, ṣùgbọ́n kò pe Hàjàrá. Ta ni yóò pe oníbàárà kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé gàrí òun lábùkù?

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Hàjàrá fi padà wá. Kò dá wá. Ọkọ obìnrin kan láti Ìbàdàn wà pẹ̀lú rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí a kò mọ̀ rí, ojú wọn le koko. Iwájú ilé Baálẹ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n sì tú ánkáṣíìfù funfun kan. Èékánná kan ló wà níbẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin yẹn ti bù ú jẹ nínú ẹ̀bà, láti ọjọ́ náà ni kò sì jẹun mọ́ tí kò bì í.

Ká ní pupa ni, ẹ̀rín la ò bá rín. Ká ní ó gùn, ká ní ó ń tàn, ọmọdé pàápàá ì bá ti sọ pé nǹkan ìṣaralóge nìyí. Ṣùgbọ́n ó kúrú, ó mọ́, ó ní àwọ̀ bí ti èmi àti ẹ̀yin. Ẹnìkan lágbo ní, “Èékánná èèyàn ni!” Ó tán. Ẹlòmíràn ní abájọ tí gàrí obìnrin yìí fi ń tà ju ti gbogbo wa lọ. Ẹni tó ń fi ẹnu yin gàrí Leah lánàá, ẹnu kan náà ló fi ń pè é ní afèèyàn-ṣòwò. Mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Hàjàrá ń sunkún. “Wọláhì, Ìyá Pọ̀sí, ẹ gbà mí. Wọ́n ti fẹ́ pa mí lọ́jà. Èékánná ta rèé?”

Leah lè sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó lè pe Baálẹ̀ wọ yàrá, kí ó là á yé wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn wá ọ̀nà tó dára. Ó sáré wọlé, ó fa Pọ̀sí jáde ní ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ náà sókè lójú gbogbo wa. Ó yọ èékánná tó kù lórí ìka kejì, ó fà á já ni kí n wí, ọmọ náà sì kígbe.

“Ẹ wò ó! Ike ni! Ọmọ mi ló ń lẹ̀ ẹ́! Mo ti kìlọ̀ fún un, mo ní kó máa yọ ọ́ kó tó fọwọ́ kan gàrí, kò gbọ́ tèmi!”

Pọ̀sí yí ojú sí ìyá rẹ̀. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù, tó ń dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán. Leah kò sọ ọ́ tán.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ́wọ́. Ọkùnrin Ìbàdàn yẹn fi èékánná wọn orí ìka rẹ̀, ó bá a mu. Hàjàrá náà wọ̀n ọ́n. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní kí wọ́n gbé e sókè kí àwọn náà rí i. Gbogbo Abà Ṣítù rí orí ìka méjì tí ọmọ náà ti ń fi pamọ́ láti kékeré. Ara tu gbogbo èèyàn, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹ̀rín náà ni mo gbọ́ tí ohùn kékeré kan ní, “Olórí-Ejò.” Baálẹ̀ ní kí ọmọ kúnlẹ̀ kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò. Pọ̀sí kúnlẹ̀, ó tọrọ rẹ̀. Kò dárúkọ ìyá rẹ̀ rárá.

Gàrí Leah padà ń tà. Àní ó ń tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìtàn náà ti gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí kò dé rí. Jacob kò bínú, ó kàn sọ pé òun ti sọ ọ́. Àwọn ìyá ìjọ gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní Ọlọ́run ti ṣẹ́gun. A tún ṣe òfin tuntun níbi tí a ti ń ṣe gàrí, pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ di gàrí gbọ́dọ̀ na ọwọ́ méjèèjì kí àgbà kan yẹ̀ ẹ́ wò. Pọ̀sí ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Kì í dúró kí wọ́n ní kó ṣe é.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Leah fẹ́ fà á mọ́ra, kò kàn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìṣaralóge ní Akanran, ó ra èékánná àlẹ̀mọ́. Pupa fòò ni, ó gùn, èyí tí afọ́jú pàápàá yóò mọ̀ pé kì í ṣe ti Ọlọ́run. Ó so ó mọ́ etí ìró. Láti Akanran dé ilé ló ń kó ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ jọ: pé òun lòun ní kó dì í bẹ́ẹ̀, pé òun parọ́ mọ́ ọn lójú gbogbo ayé, pé kó má bínú.

Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó pè, “Pọ̀sí!”

“Mà!”

Ọmọ náà jáde láti ilé ìdáná. Ó wá dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó la ìka sílẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màámi.”

Leah wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà, ó mú ọwọ́ tirẹ̀ kúrò létí ìró láìtú èékánná náà, ó ní kí ó lọ bá òun wo iná.