Orin Àwọn Sójà ní Ilé Ẹmu

Mẹ́ta ni wá tí a máa ń ṣeré ní ilé ẹmu kan ní Ayédé lẹ́yìn tí ogun Bọ́mà parí. Èmi ń ta gìtá, káfíńtà kan ń lu sáḿbà, télọ̀ kan sì ni olórin wa. A kò ní orin tiwa. Inú àwo gíramafóònù ni a ti kọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, bí a ṣe ń ṣa orin tí a máa kọ nírọ̀lẹ́, káfíńtà ní kí a yọ orin àwọn sójà tó lọ jagun ní Bọ́mà kúrò. Ó ní ọmọ bàbá àgbẹ̀ kan tó máa ń wá mu ẹmu níbẹ̀ lọ sójú ogun, kò sì padà.

Télọ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Orin yẹn gan-an ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti jó sí!"

Mo bá lọ sílé bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bi í bóyá ó fẹ́ kí a yọ orin náà kúrò.

"Ẹ máa kọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí n lè dé lẹ́yìn rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá wọlé. Ó jókòó, ó gba igbá ẹmu, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́ títí a fi kọ ọ́ tán.

A kò bi í ní nǹkan kan. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, orin náà la ṣì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí a kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ tètè dé ni.