Pósí Tí Ọkọ Mi Ṣe De Ara Rẹ̀

Pósí ti wà nílé ọkọ mi kí n tó wọlé ní ìyàwó. Ìrókò ni, wọ́n fi idẹ ṣe ọwọ́ rẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ló sì wà, láàrin àwọn dúrọ́ọ̀mù epo pupa. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa nígbà náà, olówó kì í dúró de ọmọ kó tó mọ ohun tí wọ́n máa gbé òun sí. Ọkọ mi tún ti gbẹ́ ibojì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ bu epo, ògiri ni mo máa ń kọjú sí. Ọkọ mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín, á ní àpótí lásán ni.

Olówó ni lóòótọ́. Lọ́rì méjì ló ń bá a kó epo láti Àjàgbà lọ sí Igbókòdá. Onígbàgbọ́ sì ni, àmọ́ onígbàgbọ́ ìkọ̀kọ̀. Etí òkun, níbi tẹ́nì kan ò ti mọ̀ ọ́n, ló ti lọ ṣe ìrìbọmi. Nílùú wa, ìgbà tí orin bá ti ń lọ lọ́wọ́ ló máa ń yọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, á jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Oyè ló ń lé. Àwọn ìjòyè ti ṣèlérí rẹ̀ fún un, ó sì ti rán aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu mi ò dákẹ́: "Ṣé olè lẹ jà nílé Olúwa ni, tẹ́ ẹ fi ń yọ́ wọlé yọ́ jáde?"

Ìgbà ogun Biafra ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan láti etí òkun ń ta ẹja yíyan nílùú wa, ó máa ń ra pupuru ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ rẹ̀ wà lójú omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọbí, kò bí, ó kú tòun toyún. Ẹni tó bá kú irú ikú yẹn, wọn kì í sin ín sáàrin ìlú. Igbó ni wọ́n ń gbé e jù sí, láìwẹ̀, láìsí pósí. Aboyún mìíràn ò sì gbọdọ̀ fojú kàn án. Èmi náà ti lóyún oṣù mẹ́rin nígbà náà. Méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ni ọkọ mi ń jẹ nígbà tó gbọ́. Ó fọwọ́. Ó ní, "Orí àga kan náà lèmi àti obìnrin yẹn máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn." Ó dìde, ó gba ojú títì lọ bá àwọn ìjòyè. Ìta wọn ò jìnnà sílé wa, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní òkú náà. Onígbàgbọ́ lèmi náà. Ibojì mi ni mo máa sin ín sí."

Àgbà wọn bú sẹ́rìn-ín. "Olówó epo, ṣé orí rẹ pé báyìí? Tó o bá fọwọ́ kàn án, o ò joyè mọ́ nìyẹn. Ta ló sì máa ra epo lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fara pamọ́, bàbá. Ó ti sú mi."

Òun, olùkọ́ ìjọ àti awakọ̀ rẹ̀ ló gbé pósí jáde. Ó wá ku wíwẹ̀. Obìnrin ló ń wẹ obìnrin, kò sì sóbìnrin kan tó gbà. Ló bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó wúkọ́.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́. Omi ti gbóná. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́."

Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi igi dè é. Mo pariwo: "Ẹ ti fi oyè yín tọrẹ, ẹ ti fi pósí yín tọrẹ, ṣé oyún inú mi lẹ tún fẹ́ fi ṣe sàráà?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní, "Mo gbọ́," ó sì lọ. Olùkọ́ ìjọ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkọ mi kọ̀ láti tú ìyàwó oníyàwó síhòòhò. Ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wẹ̀, ó wá fi aṣọ oyè funfun yẹn dì í, tòun ti ẹ̀jẹ̀ ìrọbí lára, ó sì sin ín sí ibojì tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Oyè bọ́ lóòótọ́. Epo ò tà bíi ti tẹ́lẹ̀, lọ́rì kan lọ. Síbẹ̀, àga iwájú ni ọkọ mi ń jókòó sí láti ọjọ́ náà, tí orin bá sì dé, ohùn rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo bí ọmọbìnrin, nǹkan kan ò ṣe é. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá gbé omi kaná lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, kò séèyàn. Ẹ má pè mí ní wèrè o. Mo ṣì ń gbọ́ ọ dòní, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọmọ yẹn ò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Pákó lásán la fi kan pósí rẹ̀, ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ la sin ín sí. Mo bẹ̀ ẹ́ níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, pé kó dárí jì mí. Òkú kì í dáhùn.

Láti ìgbà náà, tí obìnrin bá kú tòun toyún láti Igbódìgò títí dé Ọ̀ṣoòrò, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Mo máa ń lọ, mo máa ń wẹ̀ wọ́n látorí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Mi ò mọye wọn mọ́. Wọ́n ní mo láyà. Háà! Òkú kan ṣoṣo ni ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n bá òun wẹ̀ láyé rẹ̀, ìyẹn sì ni mi ò wẹ̀.