Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Jẹ́ Ká Wọlé Bá Búrẹ́dì

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2024 ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wa ní Dópẹ̀mú kò ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, á ní kò sí ọjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹ̀fun tí àwọn òṣìṣẹ́ òru pò sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé sì ti ń wú lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹnjiníà tó ṣètò kọ̀ǹpútà náà sáré dé. Ó yí ọjọ́ padà sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà ní a ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn tán, ká máa lọ sílé.

Ọ̀gá wa yọjú wo inú ilé láti ojú fèrèsé, ó figbe ta sí mi: "Ìyá Ṣadé, ẹ wá wò ó! Ó ti ń jáde nínú ọpọ́n!"

Mo bi ẹnjiníà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ọdún tí oṣù kejì rẹ̀ fi ọjọ́ kan lé. Ó ní òun to àwọn ọdún náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì dúró sí 2020.

"Mo rò pé wọ́n á ti ra òmíràn kó tó di 2024 ni, Mà."

"Ẹ jẹ́ kó máa fi mẹ́rin pín ọdún. Tí nǹkan kan kò bá ṣẹ́kù, ó lé ọjọ́ kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún tó bá parí sí òdo méjì, bíi 2100, irinwó ló gbọ́dọ̀ pín in láìṣẹ́kù kó tó lé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ta ló máa wà níbí ní 2100?"

"Bí ẹ ṣe rò nípa ọdún yìí náà nìyẹn."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí i, ó sì dá ọjọ́ padà sí kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ilẹ̀kùn ṣí, ìyẹ̀fun ló sì kọ́kọ́ jáde. Inú mi dùn pé mo mọ ìṣirò náà, àmọ́ bàtà mi kò ṣeé wọ̀ mọ́.