Ọjọ́ Tí A Wá Gólìkípà Wàsíù Lọ sí Òkè Àrin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà ń lá ṣúgà tó kù sára ìwé ṣingọ́ọ̀mù, káàdì agbábọ́ọ̀lù ni ọrọ̀ wa. Ẹyọ kan ló máa ń wà nínú ọ̀rá ṣingọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti lẹ ọ̀rá náà pa, a kì í rí àwòrán tó wà nínú rẹ̀, àfi òórùn tó ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Nínú agboolé wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá jọ ni yóò máa yan àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú.

Wàsíù, àbúrò mi, ti ní mẹ́wàá. Gólìkípà ló kù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun ti ọsibítù di ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kó yan ẹgbẹ́ nìkan ló kù tó lè ṣe. Kàmọ́rù tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa sì ti ní mẹ́wàá.

Ní Sátidé, lẹ́yìn tí a fọ abọ́ tán, màmá wa fún èmi àti Àǹtí Síkírá, ẹ̀gbọ́n wa, lówó, a sì gba ọjà Òkè Àrin lọ. Owó náà tó odidi páálí kékeré kan, ọlọ́rá mẹ́wàá, tàbí ká ra mẹ́wàá ní ẹyọ-ẹyọ. Èmi ní kí á ra páálí. Màmá ti kọ́ wa pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí ni kí á máa rà.

Àǹtí Síkírá mi orí. "Kàmọ́rù ra odidi páálí, àwòrán mẹ́ta péré ló ń tún ara wọn ṣe nínú ẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ kí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a yà sí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa mú méjì-méjì nínú páálí márùn-ún."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ tú ṣọ́ọ̀bù mi ni?"

"Rárá mà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín mú un. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́yà lèyí o!" Ó sì mú un fún wa.

Lójú ọ̀nà, mo fẹ́ ya ọ̀kan wò. Àǹtí gbá mi lọ́wọ́. "Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ló kán ni?" Ọwọ́ náà ta mí títí a fi délé.

Wàsíù fúnra rẹ̀ ló ya wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹjọ ni gólìkípà náà, nínú ẹ̀wù yẹ́lò. Ó ń fi ìka ra ojú ọkùnrin inú àwòrán náà. Kàmọ́rù gòkè wá wò ó, ó ní, "Ọ̀gá Wàsíù, ṣé wàá yàn mí báyìí?" Lọ́jọ́ Àìkú, orí àga ni Wàsíù jókòó sí, Kàmọ́rù ló sì kọ́kọ́ yàn.

Lóde òní, inú agolo aláràbarà ni káàdì àwọn ọmọ wà, wọ́n sì ń wo àjèjì tó ń ṣí tirẹ̀ lórí fóònù. Kí n tó ra ọ̀kan, mo ti ka ohun gbogbo tí wọ́n kọ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi bi mí pé èwo ni ká rà, ṣé agolo ni àbí ọlọ́rá kékeré. Mo ti bá a yan èyí tó máa rà kí n tó rántí pé ọmọ ọdún méjìlá péré ni Àǹtí Síkírá lọ́jọ́ tó fúnra rẹ̀ yàn fún wa ní Òkè Àrin. Ọmọ tèmi náà ti pé méjìlá, n kò sì tíì jẹ́ kó dá nìkan sọdá títì rí.