Ìka Kan fún Gbogbo Agbolé: Ìdágbére fún Dọ̀kásì Àbẹ̀kẹ́, Tíṣà Wa

Áà! Ó dìgbà o, Àǹtí mi, Dọ̀kásì Àbẹ̀kẹ́, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ! Ikú ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ikú nìkan kọ́ ló pa yín. Èmi Rúùtù, àbúrò yín, ni mò ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé Bàbá Mọ́gàjí, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí agbolé wa, máa jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á sì mú ìwé yìí dání. Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín títí dé òpin.

Àǹtí mi, láti kékeré ni egungun ti ń ro yín. Tó bá dé, ẹ kì í ké. Ìṣirò ìlọ́po lẹ ó máa kà, láti orí eéjì lọ, ibi tí ẹ bá kà á dé la fi ń mọ bó ṣe le tó. Tó bá rọlẹ̀, ẹ ó wọ súwẹ́tà yín, ó di iléèwé. Ẹ ó ní, "Rúùtù, egungun lè dúró dè mí, àwọn ọmọ ò lè dúró."

Nígbà tí àwọn dókítà wá láti Ìbàdàn sí ilé ìwòsàn ìjọ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ na ìka fún wọn láti gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín máa ń tẹ̀ bíi dòjé, pé láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti wá, pé kí gbogbo agbolé wá ṣe àyẹ̀wò, kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lè mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ lọ láti yàrá dé yàrá, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ta ló gbà? Àwa tí à ń rán alárinà lọ wádìí wárápá àti ẹ̀tẹ̀ nílé onílé, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wádìí tiwa. Ni Bàbá bá na ìka tiwọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣojú wa láàfin. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wa. Ẹ gba tèmi, ó ti kárí." Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ò gbọ́. Tiwọn mọ́, ni wọ́n bá ń kéde káàkiri pé agbolé wa mọ́.

Ọjọ́ tí àwọn ará ìlú Kuta wá tọrọ Fẹ̀bé, ọmọ Bàbá, ni egungun gbé yín ṣánlẹ̀. Mo ní ká wá mọ́tò lọ sí ọsibítù. Bàbá ní kí àlejò kọ́kọ́ lọ, wọn ò gbọdọ̀ rí aláìsàn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, wọ́n ní kí n ṣọ́ ẹnu yín. Mo sì ṣọ́ ọ. Mo ní kí ẹ rọra ka ìṣirò yẹn. Ẹ sì rọra. Lọ́ọ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹ iyán, wọ́n ń yìn wá pé ilé wa tòrò. Orí eéje lẹ dé. Kí àlejò tó dìde, ẹ ti lọ.

Pásítọ̀ ní kí n dárí ji Bàbá. Mi ò tí ì lè dárí ji ara mi. Mo fẹ́ kó dun Bàbá, kó dùn wọ́n dé egungun.

Ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni mo tẹ̀ síwèé yìí. Èmi náà ti na ìka fún dókítà: ó wà lára mi. Kò ní dá mi dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ẹni tó ní irú rẹ̀, ọmọ wa lè jẹ irú ìyà yín. Ọkùnrin tó bá ní òun fẹ́ mi, kó mú ìka tirẹ̀ wá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, n ó jókòó. Fẹ̀bé ò ṣẹ̀ mí. Kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò, kó mú ọkọ rẹ̀ dání.

Bàbá, ẹ má wulẹ̀ gba ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Kí n tó gbé e lọ bá òǹtẹ̀wé, mo ti fọwọ́ kọ ọ́, mo fi rán àwọn ọmọ kíláàsì Àǹtí mi tó jẹ́ ará Kuta. Àwọn ni wọ́n kà á fún àna yín, lójú gbogbo agbolé wọn ní Kuta.

Àǹtí mi, wọ́n ní ohùn wọn lọ sókè, wọn ò sì fo ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ sùn re o.